Ẹ ṣọ́ra fún ọlọ́jà tó bá ní mọ́dẹ́ẹ̀lì àtijọ́ òun “á tú wẹ́rẹ́”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ra mọ́dẹ́ẹ̀lì oníke àtijọ́ (bàálù tàbí ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ike tò) láti bó ọ̀dà ara rẹ̀, kẹ́ ẹ tú u palẹ̀, kẹ́ ẹ sì tún un tò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Inú ń bí mi gidi gan-an.

Mọ́dẹ́ẹ̀lì bàálù ogun Spitfire ìwọ̀n 1/48 (bàálù gidi gùn tó o ní ìlọ́po 48) ni mo rà, èyí tí ẹnìkan ti tò tipẹ́. Ọkùnrin tó tà á fún mi ní kò sí nǹkan kan tó sọnù lára rẹ̀, pé ọ̀dà acrylic (irú èyí tí wọ́n ń fi omi pò) ni wọ́n fi kùn ún, pé gúlúù díẹ̀ ló dì í mú. “Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, wẹ́rẹ́ ló máa tú.” Ó tún fi ìgò kékeré kan ṣe ènì, ó ní oògùn tó ń bó ọ̀dà ni. Kò sí àkọlé kankan lára ìgò náà. Mo bi í pé kí ló wà nínú rẹ̀. Mo bi í! Ó ní ohun tí òun fúnra òun ń lò ni, pé kò ba ike jẹ́ rí.

Mo da oògùn náà sínú abọ́, mo ri apá bàálù bọ̀ ọ́. Òórùn ohun tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná ló gba inú yàrá kan. Nígbà tí mo fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án, ọ̀dà kọ́ ló ń bó, ike gan-an ló ń bá búrọ́ọ̀ṣì lọ. Ó ti rọ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ ìbọ̀wọ́ mi, gbogbo ìlà tínńtín ara apá náà sì ti parẹ́. Acetone ni! Ike tí wọ́n ń pè ní polystyrene ni wọ́n fi ń ṣe irú mọ́dẹ́ẹ̀lì yìí, acetone sì máa ń yọ́ ọ. Ta ló ń ta mọ́dẹ́ẹ̀lì tí kò mọ ìyẹn? Ó mọ̀. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún mi pé kò mọ̀.

Ibẹ̀ ni àṣírí yòókù ti tú. Ìdí apá náà ti ṣẹ́ rí, súpà gúlúù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, wọ́n fi pọ́tì dí i, wọ́n wá fún ọ̀dà tuntun bo gbogbo rẹ̀. Òkè nìkan ló yà ní fọ́tò.

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ kán oògùn náà síbi tó fara sin wò. Ojú ń tì mí. Ṣùgbọ́n ṣé èmi ni mo parọ́ ni? Nígbà tí mo pè é, ó ní mo jẹ́ kó pẹ́ jù nínú oògùn ni. Látìgbà náà, kò dá mi lóhùn mọ́.

Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò ìsàlẹ̀ àti ìdí apá rẹ̀ fún yín. Ẹ béèrè irú gúlúù: súpà gúlúù máa ń ṣẹ́ bẹ́ ẹ bá fi mọ́dẹ́ẹ̀lì sí fírísà fún wákàtí mélòó kan, àmọ́ gúlúù tó ń yọ́ ike ti sọ méjì di ọ̀kan, ayùn tínrín nìkan ló kù. Isopropyl alcohol (ọtí tí wọ́n fi ń nu ara kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́) máa ń bó ọ̀pọ̀ ọ̀dà acrylic. Ẹ kọ́kọ́ yọ ike tó mọ́ bíi gíláàsì lára rẹ̀ o, ó lè sán. Ọ̀dà enamel (ọ̀dà olóròró) ń fẹ́ ohun tó le jù bẹ́ẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo ojú. Ìgò tí kò lórúkọ, ẹ dá a padà fún ẹni tó gbé e wá.

Ní tèmi, mi ò gba ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́jà kankan gbọ́ mọ́, kódà àwọn tẹ́ ẹ ń yìn. Ọkùnrin yẹn ti tún gbé bàálù mìíràn síta báyìí, pẹ̀lú ìgò ènì, owó mi sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.