Ẹgbẹ́ Síkáọ̀tù ọmọ mi: wọ́n le níbi ìdánwò, wọ́n lọ́ra níbi báàjì

Aránṣọ ni mí. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ mú ọmọkùnrin mi lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ Síkáọ̀tù, ọwọ́ aṣọ àwọn ọmọ tí mo bá níbẹ̀ ni ojú mi kọ́kọ́ lọ. Báàjì pọ̀ lára wọn. Òmíràn wà tí wọ́n rán mọ́ aṣọ dáadáa, òmíràn ti ń tú létí, a sì rí èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Mo sọ nínú ara mi pé bó bá jẹ́ pé wọ́n kàn ń pín báàjì bí ẹni ń pín ìwé ìpolówó ni, màá mú ọmọ mi padà sílé.

Ó ti pé ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin báyìí, a ṣì wà níbẹ̀. Àwọn òbí máa ń bi mí bóyá kí àwọn mú ọmọ tiwọn wá, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ eléyìí. Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, torí ẹjọ́ tí mo ní bá wọn rò kò kéré, mo sì ṣì fẹ́ kí wọ́n máa kí mi.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí iná. Ìpele mẹ́ta ni Baden-Powell, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, là sílẹ̀ fún àwọn ọmọ nígbà tó dá Síkáọ̀tù sílẹ̀: Tenderfoot, Second Class àti First Class. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti yí orúkọ wọ̀nyí padà, tiwa ṣì ń lo ti àtijọ́. Kí ọmọ tó dé ìpele kejì, ó gbọ́dọ̀ dá iná níta gbangba, kó má sì lò ju ẹyọ ìṣáná méjì lọ. Òfin àtijọ́ nìyẹn. Tiwa tún fi kún un pé kò gbọdọ̀ fi bébà ràn án, omi inú ìkòkò kékeré sì gbọ́dọ̀ hó kí iná náà tó kú.

Ọmọ mi kùnà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà àkọ́kọ́, gbogbo igi tó kó jọ nípọn bí àtàǹpàkò. Nígbà kejì, afẹ́fẹ́ pa ìṣáná méjèèjì. Nígbà kẹta, iná náà ràn, ó jó lala, ó sì kú nígbà tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ́ wọ́ọ́wọ́. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, omi ti ń bọ́ lójú ọmọ. Mo wo ọ̀gá wọn, mo rò pé yóò ní ó tó bẹ́ẹ̀, ọmọ náà ti gbìyànjú. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ méjì sí òní, a ó tún dán an wò," ó sì kọjá lọ sọ́dọ̀ ọmọ mìíràn. Inú bí mi débi pé mi ò dágbére fún un kí n tó lọ, àfi bí ẹni pé òun ló pa iná náà.

Ẹni tó yanjú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àgbàlagbà rárá. Olórí pátírólù rẹ̀ ni, ìyẹn ọ̀wọ́ kékeré tí wọ́n pín ọmọ mi sí nínú ẹgbẹ́, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó mú un lọ sẹ́yìn ọgbà, ó ní kó wá igi tó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, lẹ́yìn ìyẹn èyí tó tó ìka ọmọdé, lẹ́yìn ìyẹn èyí tó tó àtàǹpàkò, kó sì tò wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kó tó fọwọ́ kan páálí ìṣáná. Wákàtí kan gbáko ni wọ́n fi ṣa igi, wọn ò dá iná kankan. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, ẹyọ kan ṣoṣo ni ọmọ mi ṣá. Ó mú ìkejì bọ̀ wálé. Inú agolo tí mo ń kó bọ́tìnnì sí ló wà títí di òní, mi ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ṣá a.

Ìdánwò tí èmi fẹ́ràn jù ni ti ìrántí. Wọ́n á kó nǹkan 24 sórí tábìlì, wọ́n á ṣí aṣọ tó bò wọ́n fún ìṣẹ́jú kan, wọ́n á tún bò ó. Ó kéré tán, ọmọ gbọ́dọ̀ rántí 16. Nǹkan iṣẹ́ mi ló fi kọ́ ọ: téèpù, ṣọ́ọ̀kì, sípù, bọ́bìnnì, òwú oríṣiríṣi, bọ́tìnnì tó ní ojú méjì àti èyí tó ní ojú mẹ́rin. Òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjèèjì ni wọ́n jọ máa ń ṣe é lálẹ́. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ yìí rántí 21. Ẹni kan náà ni kì í rántí ibi tó gbé sísọ́ọ̀sì mi sí o.

Ohun tó jẹ́ kí n gbọ́kàn lé ìdánwò wọn ni bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ sí káàdì tí wọ́n ń kọ ìdánwò tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti yege sí. Nígbà tí Baden-Powell kó àwọn ọmọkùnrin bí 20 lọ pàgọ́ sí erékùṣù Brownsea nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹjọ ọdún 1907, ọmọ olówó àti ọmọ òṣìṣẹ́ pọ̀ mọ́ra wọn, pátírólù mẹ́rin ló pín wọn sí, ó sì fi ọmọ kan ṣe olórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ wa. Ọmọ mẹ́fà sí mẹ́jọ ló ń wà nínú pátírólù kan, olórí wọn ló ń kọ́ wọn níṣẹ́, òun náà ló sì kọ́kọ́ máa ń fọwọ́ sí i pé ọmọ yìí ti ṣe tán. Àgbàlagbà á wá dán an wò lẹ́yìn ìyẹn. Kò sí àgbàlagbà tó ń fọwọ́ sí káàdì ọmọ tirẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá náà ní ọmọbìnrin nínú ẹgbẹ́, mo sì rí i lọ́jọ́ kan tó ń lé ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kejì. Ọmọ ń kùn lọ pé ta ló mọ kókó ta níbẹ̀ tó dádì òun.

Báàjì iṣẹ́ ọwọ́ náà ń bẹ, bíi ti oúnjẹ sísè, ìtọ́jú ẹni tó fara pa, àti kíka àwòrán ilẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí ọmọ lépa ju méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá kan wà tí èyí kì í dùn mọ́ nínú. Ó ti kà nípa Eagle Scout, ìpele tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, tó ń béèrè báàjì 21 kí ọmọ tó pé ọdún 18, ó sì ń ṣírò rẹ̀ sórí ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mọ́kànlá bí ẹni ń ṣírò gbèsè. Mo bi í bóyá ó ka ibi tí wọ́n ti ní ọmọ náà gbọ́dọ̀ di ipò mú nínú ẹgbẹ́, kó sì ṣètò iṣẹ́ kan tó máa ṣe ará ìlú láǹfààní, kó darí àwọn mìíràn láti ṣe é. Ó ní òun ò tíì kà débẹ̀.

Ó yá, ẹjọ́ mi rèé.

Oṣù méje ni báàjì Second Class ọmọ mi fi pẹ́ kó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Oṣù méje! Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń ṣe ayẹyẹ ìfúnni-ní-báàjì, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ti àkọ́kọ́ ni ó yege. Nígbà tí a sún mọ́ èkejì, wọ́n ní báàjì ti tán, àwọn ti bèèrè òmíràn. Ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé "Múra sílẹ̀" ni ọ̀rọ̀ ẹnu wọn láti òwúrọ̀ dalẹ́! Kí báàjì náà tó dé, ọmọ mi ti yege nínú ìdajì ìdánwò First Class. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó wojú mi bí ẹni tó fẹ́ bèèrè pé èwo ni wọ́n ń fún òun. Kò rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò. Mo ní fọ́tò náà lọ́wọ́.

Ayẹyẹ ọ̀hún fúnra rẹ̀ gba wákàtí mẹ́ta. Mo wo aago: bí ìṣẹ́jú 25 ni wọ́n fi fún àwọn ọmọ ní báàjì, ọ̀rọ̀ àwọn àlejò ló gba ìyókù. Àwọn ọmọ wà lórí ìdúró ní ìlà-ìlà. Ọmọ kékeré kan rọra jókòó sílẹ̀ láàárín ìlà, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà jókòó, kí a tó ṣẹ́jú, ìlà kan ti tán nílẹ̀. Kò sí ẹni tó bá wọn wí, mo sì rò pé àwọn àgbà ìbá jókòó pẹ̀lú wọn bí ojú kò bá tì wọ́n.

Èyí tó burú jù ni ti ìwé àkọsílẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ gbogbo rẹ̀ sí, ìwé náà sì sọnù. Ọmọ tí káàdì rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ bọ́. Àwọn ọmọbìnrin méjì tí òjò ti ba káàdì tiwọn jẹ́ ní láti padà wá ka ìhà 16 ojú kọ́ńpáàsì lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tí gbogbo pátírólù wọn mọ̀ pé wọ́n ti kà á rí. Ọ̀kan nínú wọn kà á sẹ́yìn, láti ìparí sí ìbẹ̀rẹ̀, kí ó lè fi hàn wọ́n. Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tí a jọ ń pàgọ́ máa ń fún ọmọ ní báàjì ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e gan-an, wọ́n á wá fi ìwé ẹ̀rí sílẹ̀ di ọjọ́ ayẹyẹ. Ọmọ á gba báàjì nígbà tí èéfín iná rẹ̀ ṣì wà lára aṣọ.

Kí n má sì gbàgbé, nítorí iṣẹ́ mi ni: ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ báàjì. Ìfọ̀ kẹta ni yóò ti ṣí. Ẹ fi òwú tó bá àwọ̀ etí báàjì náà mu, kí ẹ fọwọ́ rán an yípo, ẹ má fi ẹ̀rọ rán an, kó lè rọrùn láti tú nígbà tí ọmọ bá ti ga ju aṣọ náà lọ. Àwọn báàjì tí wọ́n ń rà yìí gan-an, etí wọn kò dára. Mo ti fi òwú tún tí ó tó mẹ́wàá ṣe, tọmọ mi àti ti ẹlòmíràn.

Bẹ́ẹ̀, àwọn ènìyàn yìí kan náà mọ ọmọ yìn tí wọn kò bá ti ní báàjì lọ́wọ́. Ní alẹ́ tó kẹ́yìn àgọ́, nídìí iná, pátírólù kọ̀ọ̀kan máa ń dárúkọ ẹnì kan tó ṣe nǹkan tí wọn ò rán an. Wọ́n á sọ ohun tó ṣe, wọ́n á pàtẹ́wọ́, ó parí. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n dárúkọ ọmọ mi nítorí pé ó dìde lóru lọ fa okùn àgọ́ àwọn ọmọ kékeré le nígbà tí ìjì ń bọ̀. Èmi ìyá rẹ̀ kò mọ̀, kò sọ fún mi. Ẹnu olórí pátírólù rẹ̀ ni mo ti gbọ́.

Àgọ́ yẹn ló jẹ́ kí n dárí jì wọ́n lórí ọ̀pọ̀ nǹkan. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ló pàgọ́ pọ̀ fún òru mẹ́ta. Wọ́n po àwọn ọmọ pọ̀ sí pátírólù tuntun, kí àwọn tó ti mọra tẹ́lẹ̀ má baà kóra jọ sójú kan. Alẹ́ àkọ́kọ́ burú. Àgọ́ ọmọ mi wó lẹ́ẹ̀mejì, torí bí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń de okùn yàtọ̀, kálukú sì gbà pé tòun ló tọ̀nà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n fẹnu kò sórí ọ̀kan. Kì í ṣe ti ẹgbẹ́ wa. Ó dun ọmọ mi díẹ̀.

Ibẹ̀ ló tún ti rí nǹkan mìíràn. Ó délé, ó ní, "Mọ́mì, àwọn kan lo ìṣáná tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì páálí, báàjì kan náà la sì jọ ní." Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ ọ̀gá wọn lọ. Ó ní lójú Baden-Powell fúnra rẹ̀, bí ọmọ ṣe tiraka tó ló ṣe pàtàkì jù níbi ọ̀rọ̀ báàjì, pé ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá tó sì ń sapá lè yẹ ju ẹni tó kàn rọrùn fún lọ. Mo ní, "Ẹ ṣé o, sà. Ọmọ tèmi tí ẹ dá padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun rí i lójú rẹ̀ pé agbára rẹ̀ kò tíì tán. Mo rò ó títí mo fi délé. Mi ò tíì gbà tán, ṣùgbọ́n mi ò rí èsì fún un.

Àwọn ọ̀gá tún máa ń bá àwọn ọmọ kópa nínú JOTA-JOTI ní oṣù kẹwàá, níbi tí àwọn Síkáọ̀tù kárí ayé ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí rédíò àti íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ mi gbọ́ ohùn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, ó sọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ̀rù bà á, ó gbé maíìkì fún ẹlòmíràn. Ní ti ààbò, mi ò tíì rí i kí àgbàlagbà kan ṣoṣo dá wà pẹ̀lú ọmọ kan níbi tí ojú ẹlòmíràn kò tó. Méjì ni wọ́n máa ń jẹ́, àní bí ó ṣe ẹsẹ̀ ni wọ́n fẹ́ di fún ọmọ.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ìkarùn-ún ń bọ̀ lẹ́yìn oṣù méje.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọ̀gá wọn kí n tó kọ ọ́ síbí. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa, kò jiyàn. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ó gbé ìwé àkọsílẹ̀ tuntun kan fún mi, ó ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé mo mọ ọjọ́ tí gbogbo ọmọ yege, kí n kúkú máa kọ ọ́. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi ló wà báyìí. Orúkọ ọmọ mẹ́rin ló ti wọ inú rẹ̀, mo sì ti kọ lẹ́tà láti bèèrè báàjì wọn.