357, 44 tàbí 500? Ẹ Béèrè Àbúrò Kí Ẹ Tó Sanwó Ẹ̀gbọ́n

Láti ọjọ́ tó ti bọ́ lẹ́nu mi níbi ìkómọ kan pé mo máa ń lọ yìnbọn ní Sátidé, fóònù mi kò sinmi mọ́: ìbọn wo ni kí àwọn rà láti fi ṣeré? Ẹnì kan á fi àwòrán ránṣẹ́, á ní, "Bọ̀ọ̀dá, èyí ńkọ́?" Òmíràn á ní òun ti rí magnum kan, ìbọn ìléwọ́ tí ọta rẹ̀ lágbára gan-an, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ihò eku. Houston ni mo ń gbé. Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, bébà tí wọ́n ya òbíríkítí sí sì ni gbogbo ohun tí mo ti ń yìn níbọn láti ọdún méje. Mo ti fi owó ara mi ra 357, mo ra 44, mo ra 500; nọ́ńbà yẹn ló ń sọ irú ọta tí ìbọn kọ̀ọ̀kan ń jẹ. Méjì ṣì wà nílé. Ìkẹta ni mo tà, mo sì pàdánù $350 lórí rẹ̀. Ẹ má wá retí pé n ó ṣe bí adájọ́ tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú ẹjọ́ yìí.

Ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà ni mò ń sọ o. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, ìbọn ìléwọ́ wà lára èyí tí aráàlú kò gbọdọ̀ ní àfi tí Ààrẹ bá fún un níwèé àṣẹ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rò ó pé òun máa dì í sáàárín aṣọ lọ sílé ní Kérésì. Níbí pàápàá, ọlọ́jà tó ní ìwé àṣẹ kò lè tà á fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 21. Ẹni tó ní green card lè rà. Ẹni tó wà lórí físà ìbẹ̀wò tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́, kó kọ́kọ́ lọ bá lọ́yà kó tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù kankan.

Mi ò ní jókòó máa ka ìyára ọta fún yín. Gbogbo ayé mọ̀ pé tó bá di ti agbára, 500 ló ń na gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bébà lẹ fẹ́ yìn. Bébà kì í kú lẹ́ẹ̀mejì.

Ìdílé ọta

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi nígbà tí mo ń ná ìbọn ni pé magnum tó bá ní àbúrò, ìyẹn ọta kékeré tí ìbọn kan náà lè yìn, ló yẹ kéèyàn rà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọta ńlá yìí, ara ọta kékeré kan ni wọ́n ti yọ wọ́n. Ní 1935, Smith & Wesson, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ìbọn, mú ọta 38 Special, wọ́n fa èèpo idẹ rẹ̀ gùn díẹ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́jọ ínǹṣì, kó má baà wọ inú àwọn ìbọn 38 àtijọ́ tí kò ní lè gba agbára rẹ̀ dúró. Òun ni wọ́n pè ní 357 Magnum. Ìdí nìyí tí ìbọn 357 fi ń jẹ ọta 38 láìsí wàhálà. Ìbọn 38 ni kò gbọdọ̀ jẹ 357.

Báyìí náà ni ti 44. Elmer Keith, olùdamàlúù kan ní Idaho tó tún ń kọ̀wé nípa ìbọn, ló ń ki ẹ̀tù mọ́ 44 Special fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó ń dún mọ́ àwọn oníléeṣẹ́ létí, títí 44 Magnum fi jáde ní 1955. Ìbọn tó bá ń jẹ ẹ̀gbọ́n, ó ń jẹ àbúrò. Ìbọn 454 Casull, magnum mìíràn, ń jẹ 45 Colt, ọta tó ti wà láti 1873. Ìbọn 460 tó dé ní 2005 ń jẹ 454, ó tún ń jẹ 45 Colt, bí ọmọ tó ń jẹun alẹ́ nílé mẹ́ta.

500 wá ńkọ́? 2003 ló dé ayé, kò sì ní àbúrò tí ẹ ó máa bá pàdé lọ́jà. Wọ́n ń ṣe èyí tí wọ́n dín ẹ̀tù rẹ̀ kù lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí i lórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń rajà, owó rẹ̀ kò sì dín ní tiẹ̀. 41 Magnum, ti 1964, ọmọ anìkàndágbé lòun náà. Ìbọn dáadáa ni, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kì í gbọ́ àbùkù rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó wá ọta rẹ̀ ti.

Ẹ ó ní kí ló kan àbúrò nínú ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ gbádùn agbára. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Oṣù tí wọ́n san owó àfikún iṣẹ́ fún mi ni mo lọ ra 500. $1,200. Ọkùnrin tó tà á bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe, mo ní eré ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó gba owó. Páálí ọta kan, ogún ni wọ́n kó sínú rẹ̀, $62. Ẹ fi pín in: ó lé ní dọ́là mẹ́ta lórí ẹ̀ẹ̀kan tí ìka bá fà á. Mo ronú pé kí ló tún kù tí mo fẹ́ fi owó ṣe.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e dé réńjì, ibi tí a ti ń yìnbọn, bàbá òyìnbó tó ń bójú tó ibẹ̀ rìn wá, ó wo ohun tó wà níwájú mi, ó ṣí sílíńdà, àgbá oníhò tí ọta ń wọ̀, ó kó ọta márààrún jáde, ó dá ẹyọ kan ṣoṣo padà. Ó dùn mí. Mo rò pé ó fojú ọmọdé wò mí ni. Ó ṣàlàyé pé tí ìbọn yẹn bá fò sókè lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ọwọ́ á há mọ́ ọn láti dì í mú, ìka á sì fà á lẹ́ẹ̀kejì láìmọ̀, nígbà tí ẹnu ìbọn ti kọjú sí àjà. Mo yìn ín. Òòlù ẹ̀yìn rẹ̀ ku díẹ̀ kó kan mí níwájú orí. Atẹ́gùn tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ jáde gbá bébà ẹni tó wà lápá ọ̀tún mi nù lórí tábìlì, ọkùnrin náà wò mí, kò sọ̀rọ̀, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ìpẹ̀kun kejì.

Mi ò purọ́, ó dùn. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èmi ni ọba réńjì. Mo ń yìn mẹ́wàá ní Sátidé, màá gbé e kalẹ̀, àwọn èèyàn á wá bèèrè pé kí ni ó dún bẹ́ẹ̀ yẹn. Ní alẹ́ Sunday màá dé ibi iṣẹ́, ọrùn ọwọ́ mi á ní òun kò ní ṣí ìdérí ìgò oògùn. Èyí pàápàá kọ́ ló burú jù.

Nígbà tí mo padà mú 357 mi, ìbọn tí mo ti fi ń lu àárín òbíríkítí láti ọdún méjì, gbogbo ọta ń balẹ̀ sí ìsàlẹ̀ lápá òsì. Mo ní ojú ìbọn ti yẹ̀. Bàbá òyìnbó ní kí n gbé e wá. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó kó ọta tòótọ́ mẹ́ta àti èèpo òfìfo mẹ́ta pọ̀ sínú sílíńdà, ó yí i, ó dá a padà fún mi, ó ní kí n máa yìn. Ìkíní dún. Ìkejì, òòlù sọ̀kalẹ̀ lórí òfìfo, ẹnu ìbọn sì tẹ̀ wálẹ̀ gbọn-ín bí ewúrẹ́ tó fẹ́ mumi. Kò sí ìtapadà kankan, ìyẹn títì tí ìbọn ń tini sẹ́yìn, kò sí ariwo, èmi ni mo ti ọwọ́ ara mi wálẹ̀ kí ìyà tó dé. 500 ti kọ́ ọwọ́ mi lẹ́rù, ọwọ́ sì ń gbé ẹ̀rù náà kiri bọ́ sórí gbogbo ìbọn tí mo bá mú.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi wo ọwọ́ yẹn sàn. Kí ni mo fi wò ó? 38. Páálí lórí páálí, pẹ̀lú òfìfo láàárín, láti inú ìbọn 357 kan náà, títí ẹnu ìbọn fi dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí òòlù bá sọ̀kalẹ̀ lórí asán. Aádọ́ta ọta 38 kì í tó ìlàjì owó ogún ọta 500 níbi tí mo ti ń rà á. Ká ní mo ní 500 nìkan nílé ni, yálà kí n máa náwó yàrà láti fi wo àìsàn tí òun fúnra rẹ̀ kó ràn mí, tàbí kí n fi eré náà sílẹ̀.

Àárín oṣù mẹ́rin yẹn ni Ìyá Tóbi bá mi lọ, kó lè mọ ibi tí owó ń gbà lọ. Mo ki 38 sínú 357 fún un ní yáàdì méje. Nínú mẹ́fà, márùn-ún wọ ibi tí àwo tíì lè bò. Lẹ́yìn náà ó wò mí bí mo ti ń yin ọta 500 tó kẹ́yìn nínú páálí, ó bọ́ ìbòtí tó fi dá ariwo dúró, ó ní: "Bàbá Tóbi, ṣé ẹ̀yin lẹ ń yin ìbọn yìí ni, àbí òun ló ń yìn yín?" Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo tà á, $850. Ìbọn náà kò lẹ́bi. Ohun tí wọ́n ṣe é fún ló ń ṣe.

Àbúrò 44 ní ẹjọ́ tirẹ̀

Kí n má ṣojúsàájú. Mo fẹ́ràn 44 mi. Pẹ̀lú ọta 240 gíréènì (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn orí ọta), ó ń tì ọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó mọ̀ ọ́, kì í gbá ọ létí bíi 500. Tí mo bá ki 44 Special sí i, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ. Àmọ́ ẹ dé ṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ wo owó rẹ̀: léraléra ni mo ti rí i pé páálí 44 Special wọ́n ju páálí 44 Magnum lọ, nítorí pé àwọn tó ń rà á kò pọ̀. Àbúrò tó ń gba ọwọ́ lọ́wọ́ ìyà, tí kò gba àpò. Ọ̀nà àbáyọ ni kẹ́ ẹ máa ṣa èèpo ọta yín, kẹ́ ẹ ra ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ máa fi ẹ̀tù àti orí tuntun sí i nílé, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ lé ìwọ̀n inú ìwé bí ẹni ń wọn oògùn ọmọdé. Èmi ń ṣe é báyìí. Agolo Bournvita mẹ́ta tó kún fún èèpo wà ní gáráàjì mi, ìyàwó mi sì ti bèèrè bóyá mo ti di onírin àlòkù. Ẹni tí kò bá ní sùúrù irú èyí, 44 á máa bu owó rẹ̀ jẹ díẹ̀díẹ̀.

Ìyókù, ní kíá

Ìbọn tó wúwo ni kẹ́ ẹ rà. Àwọn 44 àti 454 fúyẹ́fúyẹ́ dára fún ẹni tó ń gun òkè níbi tí béárì wà. Fún eré, wọ́n ń fìyà jẹni. Ìyẹn nìkan kọ́: ìtapadà wọn lè fa orí ọta tí kò tíì dún yọ síwájú nínú èèpo rẹ̀, á yọ kọ́rọ́ níwájú sílíńdà, á fi kọ́ ara ìbọn, sílíńdà kò ní yí mọ́. Mo ti rí i lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ọjọ́ rẹ̀ parí síbẹ̀.

Ẹni tó bá ń fi 38 sínú 357, tàbí Special sínú 44, ìdọ̀tí dúdú kan á ṣe òrùka sínú ihò sílíńdà níbi tí èèpo kúkurú parí sí. Tẹ́ ẹ bá wá ki magnum sí i lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún 38, kò ní wọlé tán, tó bá sì wọlé, kò ní fẹ́ jáde. Ẹ má fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a wọlé. Búrọ́ọ̀ṣì idẹ àti ìṣẹ́jú márùn-ún ló fẹ́.

Etí: ohun tí wọ́n ń kì bọ ihò etí àti ìbòtí papọ̀, ọ̀kan kò tó ní réńjì inú ilé.

Ìka: kí ó má ṣe kọjá iwájú sílíńdà láé. Àlàfo kékeré wà níbẹ̀ tí iná ń gbà yọ, ó ń gé ẹran ara.

Réńjì: ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó rà. Àwọn mìíràn kì í gba 500 wọlé, òmíràn kì í jẹ́ kẹ́ ẹ fi magnum yin àwo irin.

Ẹ ní kí n dá a

Tó bá jẹ́ pé ẹ ní ààyè, ẹ ní ẹ̀rọ, ẹ sì fẹ́ràn kéèyàn máa jókòó wọn ẹ̀tù lálẹ́, 44 dára gan-an. Tó bá jẹ́ 454 tàbí 460 ni ọkàn yín fà sí, 45 Colt á bá yín gbé e, kí owó wà lọ́wọ́ ṣáá. Ẹni tó bá ń fẹ́ 500, mi ò ní dá a lẹ́kun. Ohun tó yẹ kó wá ni ọ̀rẹ́ tó ní ọ̀kan. Ẹni tó bá wá fẹ́ máa yìnbọn ní gbogbo Sátidé, kí ọta máa wọ ibi tó fojú sùn, kí ìyàwó rẹ̀ náà lè yìn ín, kó sì tún rí owó ilé san, ó mọ ibi tí màá júwe fún un.

Àbúrò ìyàwó mi ń bọ̀ láti Dallas ní Sátidé. Ó ti ń tọ́jú owó 500 láti oṣù kẹta, ó ní òun kò fẹ́ gbọ́ ìtàn mi. Mo ti pe réńjì, wọ́n ní ọ̀kan tí wọ́n ń yáni. Bàbá òyìnbó ti ṣèlérí pé ẹyọ ọta kan ṣoṣo ni òun máa fún un. Páálí 38 méjì wà nínú báàgì mi.