Àgọ́ ọlọ́pàá àdúgbò wa lórí ọ̀rọ̀ ìmúni àti bélì: àyẹ̀wò mi

Iṣẹ́ tí mo ń yẹ̀ wò níhìn-ín ni èyí tí àgọ́ ọlọ́pàá kan ṣe fún ẹbí wa nígbà tí wọ́n mú ìyàwó àbúrò mi. N kò ní dárúkọ àgọ́ náà, nítorí ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé mú lọ ni ìwọ̀n tí òfin Nàìjíríà fi lélẹ̀, kí ó lè fi wọn àgọ́ tó wà nítòsí tirẹ̀. Ìwọ̀n náà wà nínú abala 35 ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, nínú òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015 tí àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní ACJA, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpínlẹ̀ sì ti ṣe irú rẹ̀, àti nínú Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020, èyí tó rọ́pò òfin tí a ti ń lò láti ọdún 1943.

Ọ̀rọ̀ náà kò ju báyìí lọ. Káfíńtà ni àbúrò mi. Oníbàárà kan san 380,000 náírà sílẹ̀ fún àga àti bẹ́ẹ̀dì, iṣẹ́ pẹ́ ju àdéhùn lọ, oníbàárà sì gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ pé wọ́n lu òun ní jìbìtì. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ Ẹtì lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, àbúrò mi ti lọ ra pákó. Ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀, òun ni wọ́n sì gbé sínú ọkọ̀.

"Kí ọkọ rẹ̀ ṣáà yọjú, Mọ́mì, a máa fi í sílẹ̀," ni ọlọ́pàá tí ẹjọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ wí fún mi. Ohùn rẹ̀ tutù, ó tilẹ̀ ní kí wọ́n fún mi ní àga. Síbẹ̀, ohun tí ó ń sọ ni pé wọ́n ti rú òfin nígbà méjì. Abala 7 ACJA kà á léèwọ̀ láti mú ẹnikẹ́ni dípò ẹni tí wọ́n ń fura sí, Òfin Ọlọ́pàá sì tún un sọ. Abala 8 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn nítorí àdéhùn tí kò mú ṣẹ nìkan. Ilé ẹjọ́ ni irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ń lọ. Ìpínlẹ̀ Èkó tilẹ̀ ti dá ilé ẹjọ́ gbèsè kéékèèké sílẹ̀ láti ọdún 2018 kí ọ̀rọ̀ má baà pẹ́.

N kò sọ pé ọlọ́pàá kò lágbára. Wọ́n lè mú ẹni tó dá ọ̀ràn lójú wọn, tàbí ẹni tí wọ́n ní ìdí gidi láti fura sí, láìkọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí olè kì í dúró de ìwé. Ṣùgbọ́n ìdí gidi ni òfin ń béèrè, kì í ṣe ẹ̀sùn tí ẹnìkan fi ìbínú sọ. Bí wọ́n bá wo rìsíìtì àti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tí àbúrò mi ti gé kalẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀bù, wọn ì bá ti rí i pé iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́.

Àwọn nǹkan kan wà tí wọ́n ṣe dáadáa, ó sì tọ́ kí n sọ wọ́n. Ọlọ́pàá obìnrin ló yẹ ara ìyàwó wa wò. Wọ́n kọ fóònù rẹ̀, owó ọwọ́ rẹ̀ àti yẹtí rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ní kí ó fọwọ́ sí i. Wọn kò fi ankọ́ọ̀fù sí i lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbá a létí.

Ìwé tí wọ́n kọ láti ẹnu rẹ̀ ló bà mí nínú jẹ́ jù. Yorùbá nìkan ni ìyàwó wa gbọ́ dáadáa. Ọlọ́pàá náà ń bi í léèrè ní Yorùbá, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìdáhùn, nígbà tí ó sì parí, ó yí ìwé náà sí i, ó fi ìka hàn án ibi tí yóò fọwọ́ sí. Mo ní kí ó kọ́kọ́ kà á fún wa. Ohun tí a gbọ́ ni pé ọkọ rẹ̀ ti sá lọ, bẹ́ẹ̀ ohun tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ni pé ó lọ ra pákó. Irú ìlà kan bẹ́ẹ̀ tó láti gbé ènìyàn dé iwájú adájọ́. Òfin ti rí ewu yìí tẹ́lẹ̀: ẹni tí wọ́n mú lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi bá agbẹjọ́rò tàbí ẹni tó bá wù ú sọ̀rọ̀, bí ó bá sì fẹ́ sọ ohunkóhun, ó yẹ kí agbẹjọ́rò, òṣìṣẹ́ Legal Aid Council (àjọ ìjọba tó ń wá agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ fún aláìní) tàbí ẹlòmíràn tí ó yàn wà níbẹ̀, bí kò bá sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ kà á padà fún un, kí ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú ìwé náà. Wọn kò sọ ọ̀kankan nínú èyí fún un.

Lórí bélì, àkọlé tó wà lára ògiri sọ pé ọ̀fẹ́ ni. Ọlọ́pàá náà béèrè 50,000 náírà, ó pè é ní owó fáìlì. Nígbà tí mo ní èmi yóò ṣe onídùúró, ó dáhùn pé, "Ẹ má bínú mà, a kì í gba obìnrin." Abala 167 ACJA sọ ọ́ kedere pé a kò gbọ́dọ̀ kọ onídùúró nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, mo ní ilé, mo sì ní ìwé ìdánimọ̀. Ohun gbogbo tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ onídùúró ni mo ní.

Ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n yàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí pé ẹni tí wọ́n bá mú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọjọ́ Ajé ni wọ́n sábà máa ń sọ fún ẹbí rẹ̀ pé kí wọ́n padà wá. Bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n ti mú ènìyàn, ọjọ́ kan péré ni ìwé òfin fún ọlọ́pàá láti gbé e débẹ̀, òfin náà kò sì yọ òpin ọ̀sẹ̀ sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ májísíréètì tiwa kò jìnnà sí àgọ́ náà; ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, agbẹjọ́rò ọ̀dọ́ kan láti Legal Aid Council bá wa débẹ̀, a kò sì san kọ́bọ̀ fún un. Kò pariwo. Ó kí ọ̀gá àgọ́ náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní kí wọ́n fi ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n kọ sórí obìnrin náà han òun. Kò sí. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi ní kí n wá ṣe onídùúró, èmi obìnrin tí wọn kò gbà lánàá, ẹnikẹ́ni kò sì dárúkọ owó fáìlì mọ́. Agbẹjọ́rò náà ní kò tilẹ̀ yẹ kí bélì wà, nítorí ìyàwó wa kò dá ọ̀ràn kankan, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ mú un délé bá ọmọ rẹ̀ ná.

Ibi tí ìdájọ́ mi dúró sí nìyí. Àwọn ọlọ́pàá àgọ́ yìí mọ òfin. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n ni, wọn kì bá ti tètè rántí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi í pamọ́ ni, títí ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò fi dé, ẹni tí kò sì ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ á sùn síbẹ̀ tàbí kí ó sanwó. Ọ̀dọ́bìnrin kan tí a bá lórí bẹ́ǹṣì ní òwúrọ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí a ń jáde, mo sì bẹ agbẹjọ́rò náà kí ó padà wọlé lọ bi í léèrè ohun tó gbé e wá.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn: ọ̀kan fún ìwà pẹ̀lẹ́ àti ìwé ẹrù tí wọ́n kọ, èkejì fún ọlọ́pàá obìnrin náà. Abala 35 sọ pé ẹni tí wọ́n mú lọ́nà àìtọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí owó gbà-má-bínú àti ìtọrọ àforíjì ní gbangba. A ti kọ̀wé béèrè méjèèjì. Bí wọ́n bá dáhùn, èmi yóò fi èsì wọn kún àyẹ̀wò yìí.