Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti kọ́ mi bí a ṣe ń ka àṣìṣe kóòdù, South Gate FUTA, Àkúrẹ́

Àpótí tó ń sàba lé ẹyin ni mo ń kàn fún àwọn tó ń sin adìyẹ, láti Òkè-Àró títí dé Ìjù. Ọjọ́ 21 ni ẹyin adìyẹ ń lò kó tó pa, ooru inú àpótí kò sì gbọdọ̀ jìnnà sí 37.5°C. Ṣíìpù ATmega328P kan ló ń bá mi ṣọ́ ooru yẹn: òun ló ń tan gílóòbù, òun ló ń pa á.

Nígbà tí kóòdù mi ṣì wà nínú fáìlì kan ṣoṣo, ara mi balẹ̀. Ìgbà tí mo pín in, tí mo ní kí ti ooru dá wà, kí ti ojú ìfihàn dá wà, kí ti mọ́tò tó ń yí ẹyin náà dá wà, ni gbogbo ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà bá pọ́n: "multiple definition of `kaOoru()'", ìyẹn ni pé ó rí kaOoru(), apá kóòdù tó ń ka ooru, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Oníbàárà mi ti san ìdajì owó, ó sì ti kó ẹyin 120 jọ. Bí irú ẹyin bẹ́ẹ̀ bá ti ju ọ̀sẹ̀ kan lọ nílẹ̀, èyí tó máa pa nínú rẹ̀ á máa dínkù ni. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan nínú ìlú. Ó gba owó mi, ó yọ Arduino IDE, ètò tí mo fi ń kọ kóòdù sínú ṣíìpù, kúrò, ó tún un fi sí i. Mo délé, àṣìṣe náà ló tún jókòó síbẹ̀.

Ọmọ FUTA kan tó máa ń ra ẹyin lọ́wọ́ ìyàwó mi ló júwe ṣọ́ọ̀bù yìí fún mi. Ó wà ní South Gate, láàrin àwọn tó ń tẹ ìwé àtàwọn tó ń tún fóònù ṣe. Ọ̀dọ́bìnrin kan ló ni ín. Mo kí i tán, mo ṣí kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ ni pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sókè pátápátá. Èyí tó kọ́kọ́ jáde ni ká kà." Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti fi ń ka ti ìsàlẹ̀! Ó ní àṣìṣe kan lè bí ogún, ìyá wọn ló yẹ ká wá.

Ó wá bi mí pé kí ni mo rò pé #include ń ṣe. Mo ní ó ń pe fáìlì kejì wá ni. Ó ní kì í pè é, ńṣe ló ń dà á kọ, lẹ́tà dé lẹ́tà, síbi tí mo kọ ọ́ sí, kí compiler, ìyẹn ètò tó ń yí kóòdù sí èdè tí ṣíìpù gbọ́, tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Fáìlì .cpp kọ̀ọ̀kan, níbi tí kóòdù gan-an wà, ni compiler sì ń ṣe lọ́tọ̀, kì í wo ohun tó wà nínú èkejì. Linker ló ń so gbogbo wọn pọ̀ nígbẹ̀yìn. Èmi ti kọ #include "ooru.cpp" sínú iṣẹ́ mi, bẹ́ẹ̀ Arduino IDE fúnra rẹ̀ máa ń ṣe gbogbo .cpp tó bá wà nínú fódà náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kaOoru() ṣe wà, linker kò sì mọ èyí tí yóò mú.

Mo yí i sí "ooru.h", fáìlì tó yẹ kó máa kéde orúkọ lásán. Pupa dínkù, ó ku ẹyọ kan: "multiple definition of `ooru'". Mo ní ṣebí mo ti fi #ifndef ṣọ́ .h yẹn. Ó ní inú .cpp kan náà ni #ifndef ti ń ṣọ́ ọ kí wọ́n má dà á kọ lẹ́ẹ̀mejì, agbára rẹ̀ kò dé inú .cpp mìíràn. "Bọ̀ọ̀dá, ilé mẹ́wàá lè mọ orúkọ ọmọ, ilé kan ṣoṣo ni wọ́n ti bí i." Mo kọ extern float ooru; (ìkéde orúkọ lásán) sínú .h, mo kọ float ooru = 0; sínú ooru.cpp nìkan. Kóòdù wọlé sínú ṣíìpù. Mo dìde dúró láìmọ̀.

Kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mi rárá, èmi ni mo tẹ gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àṣìṣe mìíràn jáde lórí Linux ọ̀rẹ́ mi kan, "No such file or directory". Mo ti kọ Ifihan.h níbi tí fáìlì ń jẹ́ ifihan.h. Windows ò wo lẹ́tà ńlá tàbí kékeré, Linux ń wò ó. Èmi fúnra mi ni mo rí i.

₦2,500 ni wákàtí kan, tèmi gba méjì. Àga méjì péré ló wà, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì ń pariwo gan-an. Ó yẹ kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i. Ẹni tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ kalẹ̀ kó padà wá gbà á lálẹ́, ibẹ̀ kò ní bá a lára mu. Wọn kì í ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ, ẹ sì mú wáyà USB yín dání, nítorí ẹyọ kan tí wọ́n ní, ọwọ́ ẹlòmíràn ló máa ń wà.