Àgúnmu ìsọ̀yè tí mo rà fún Màmá ní Ọjà Bódè

Ìyá tó ni ìsọ̀ yìí mọ ewé. Àárín àwọn lékulẹ́ja ni wọ́n jókòó sí ní Bódè. Mo ní mo fẹ́ ìsọ̀yè fún màmá mi, ẹni ọdún 74, tí wọ́n máa ń gbé omi kaná tí wọ́n á sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí ìkòkò á fi jó. Ìyá ò kàn gbé ike lé mi lọ́wọ́. Wọ́n kọ́kọ́ bi mí bóyá Màmá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àti oògùn òyìnbó tí wọ́n ń lò. Inú mi dùn sí ìyẹn gan-an. ₦3,500 ni ike kan. Àgúnmu náà kúnná, kò ní iyanrìn, kò bu.

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ wọn sọ ni n kò gbà. Ó ní, "Àǹtí, wọ́n ti dán an wò lára eku ní yunifásítì, kò sí arúgbó tí kò lè wò."

Mo ti ṣiṣẹ́ ìtọ́jú eku rí ní yàrá ìwádìí. A máa ń fún eku ní ewé, lẹ́yìn náà a ó gún un ní abẹ́rẹ́ scopolamine, oògùn tó máa ń mú un gbàgbé nǹkan. Ó wà nínú gégemu, gégemu kan náà tí àwọn ọmọ wa ń mu tí wọ́n fi ń sọ kántankàntan. Ó máa ń dí ọ̀nà mọ́ acetylcholine, èròjà tí ọpọlọ fi ń di nǹkan tuntun mú. Tó bá tó bí 30 ìṣẹ́jú, a ó gbé eku sínú àpótí ẹlẹ́ka mẹ́ta tó rí bíi lẹ́tà Y. Eku tí ara rẹ̀ pé á máa wá ẹ̀ka tí kò tíì dé. Èyí tí abẹ́rẹ́ ti mú á tún padà wọ ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Bí ewé bá ṣiṣẹ́, kò ní máa ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Àánú wọn máa ń ṣe mí.

Ṣùgbọ́n láàárín wákàtí díẹ̀, abẹ́rẹ́ á ti dá lójú eku. Ìgbàgbé Màmá ti lé lọ́dún méjì, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń wọlé. Ewé tó gba eku lọ́wọ́ scopolamine ṣe nǹkan gidi, ó yẹ ká tẹ̀ síwájú lórí rẹ̀. Àmọ́ ẹ má fi ìyẹn tà á fún mi bí ìwòsàn arúgbó.

Mo fi ẹ̀kọ gbígbóná mu ún fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó korò, inú ò run mí. Kò sí nọ́ńbà NAFDAC lára ike, kò sí ọjọ́ tí wọ́n gún un. Nígbà tí mo sọ fún Ìyá, wọ́n mú báírò, wọ́n kọ ọjọ́ náà lójú mi.

Màmá ò tíì fẹnu kàn án. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èmi àti wọn ń lọ rí dókítà ní UCH. Màá mú ike náà dání.