Abújá ni àbí Ìbàdàn? Níbo ni ká ti tọ́jú jẹjẹrẹ?
Bí dókítà bá ti ní jẹjẹrẹ ni, ìbéèrè àwọn ará wa ní Kubwa, l'Abújá níbí, kì í pẹ́ dé: ṣé ká dúró ti National Hospital l'Abújá, àbí ká gbé màmá lọ sí ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn? Àwọn méjèèjì ló ń ṣe radiotherapy, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n ń fi ìtànṣán pa jẹjẹrẹ. Ní Ìbàdàn, ẹbí wà nítòsí, nọ́ọ̀sì á sì fi Yorùbá ṣàlàyé; ìyẹn tóbi lójú ẹni tí àyà rẹ̀ ṣì ń já. Ṣùgbọ́n radiotherapy sábà máa ń jẹ́ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Aláìsàn tó ní ọmọ kéékèèké l'Abújá, mo ní kó dúró, kí àbúrò kan máa bá a wọlé, kó máa kọ ọ̀rọ̀ dókítà sílẹ̀. Ẹni tó bá sì ń lọ sí Ìbàdàn, kó gba èsì àyẹ̀wò ẹran ara tí wọ́n gé lára rẹ̀ dání.