Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílé ìṣáná àtijọ́ ní Bow: ògiri dára, àmọ́ irú ń bá wa sùn

Bíríkìlà ni mí. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń to bíríkì ní London, torí náà, bí mo bá dé ilé ẹnikẹ́ni, ògiri ni mo kọ́kọ́ ń wò kí n tó wo àga. Nígbà tí wọ́n ṣí òrùlé ilé tiwa láti tún un ṣe, a gba fúláàtì kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Bow Quarter, ní Fairfield Road, ládùúgbò Bow ní ìlà-oòrùn London. Èmi, ìyàwó mi, àti ìyá rẹ̀ tó wá kí wa láti Abẹ́òkúta la jọ kó lọ.

Ilé iṣẹ́ ìṣáná Bryant and May ni gbogbo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọdún 1979 ni iṣẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ọdún 1990 ń sún mọ́lé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín inú rẹ̀ sí fúláàtì. Ibùdókọ̀ Bow Church kò jìnnà, ẹsẹ̀ la fi ń rìn ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ògiri ná. Bíríkì pupa ni, nígbà tí wọ́n tún ilé iṣẹ́ náà kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1910 ni wọ́n ti tò ó, síbẹ̀ ó dúró ṣánṣán. Mo fi ìka kàn án, kò dún bí agolo òfìfo bíi ti àwọn ilé ìsinsìnyí. Fèrèsé ibẹ̀ ga jù mí lọ dáadáa. Òṣìṣẹ́ ló nílò ìmọ́lẹ̀ nígbà náà, àwa la wá ń fi jayé báyìí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kejì, ẹnì kan ti pààrọ̀ bíríkì mẹ́ta, símẹ́ńtì tó fi lẹ̀ ẹ́ funfun ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ ẹni tó ń kánjú lọ jẹun. Àfi bíríkìlà ló lè rí i, àmọ́ àràárọ̀ ni mo ń rí i.

Inú fúláàtì yẹn gan-an ni wàhálà wà. Ẹni tó ni ín kò fi ògiri kankan pín in. Ilé ìdáná àti pálọ̀ wà nísàlẹ̀. Ibùsùn wà lórí pèpéle kan lókè, àtẹ̀gùn irin la fi ń gùn ún, kò sí ilẹ̀kùn. Orúnkún Màmá kò gba àtẹ̀gùn, ìsàlẹ̀ ló ń sùn. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ìyàwó mi ro ẹ̀fọ́, ó sì da irú wooro sí i bó ṣe yẹ. Fáànù tó wà lókè sítóòfù ń pariwo lásán ni, kò fa nǹkan kan. Òórùn ọbẹ̀ gba òkè lọ. Ní aago méjì òru, irú wà lórí ìrọ̀rí mi.

Màmá pè mí láti ìsàlẹ̀. “Bàbá Fọlá, ṣé inú ìkòkò ọbẹ̀ ni wọ́n ní ká wá máa sùn ni?”

“Ẹ má bínú, mà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn.”

“Èló ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ?”

Mo pín owó náà sí méjì kí n tó dá a lóhùn. Ó ṣì figbe ta.

Lọ́jọ́ kejì, mo mú un lọ wo àmì róbótó aláwọ̀ búlúù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lọ́dún 2022, ní ìrántí àwọn obìnrin tó da iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1888. Wọ́n tó 1,400, ọmọdébìnrin sì pọ̀ nínú wọn. Bí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá dọ̀tí, wọ́n á yọ nínú owó rẹ̀. Ìdí iṣẹ́ ni wọ́n ti ń jẹun, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì funfun, ìyẹn kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣáná, á bá oúnjẹ wọ ẹnu, egungun àgbọ̀n á sì máa jẹrà. Nígbà tí wọ́n borí, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n gbà ni pé kí wọ́n fún wọn ní yàrá ọ̀tọ̀ tí wọ́n á ti máa jẹun.

Màmá wò mí. “Àwọn yẹn jà kí wọ́n tó rí yàrá oúnjẹ. Ìwọ fowó ra àìní yàrá.”

Kí n tó fèsì, mo na ọwọ́ sí ilé gogoro tí wọ́n kọ́ fún omi, tó wà lókè, mo ní ibẹ̀ ni àwọn ṣọ́jà gbé ohun ìjà tí wọ́n fi ń já ọkọ̀ òfuurufú lulẹ̀ sí nígbà ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 2012. Ó ní ká tètè wọlé.

Ẹni tó bá ń dá gbé, tó sì jẹ́ pé búrẹ́dì àti tíì ló ń jẹ, irú fúláàtì báyìí á dùn ún gbé. Ẹni tó bá fẹ́ rà, kó má wo ògiri nìkan bíi tèmi. Kó béèrè iye ọdún tó kù lórí ìwé ilẹ̀, kó tún béèrè owó ìtọ́jú ọdọọdún, torí adágún omi ìlúwẹ̀ẹ́ àti ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì kì í ṣe ọ̀fẹ́ níbikíbi. Nínú máàkì mẹ́wàá, mo fún ògiri ní mẹ́sàn-án. Fún fáànù, mo fún un ní òdo.

Láti ọjọ́ kẹrin, a gbé sítóòfù kékeré oníná sídìí fèrèsé ńlá, a sì ń ṣí i gbayawu bí a bá ń dáná. Lọ́jọ́ tá à ń kó jáde, Màmá fọwọ́ pa bíríkì náà, ó ní irú rẹ̀ ni kí n wá kọ́ fún òun ní Abẹ́òkúta, kí n sì fi ilé ìdáná sí ẹ̀yìnkùlé.